Ètè ni Akọrin Wí, Ẹ̀tẹ̀ ni Wọ́n Gbọ́: Gìtá, Pẹ́dàlì àti Ìró Àárín

Gbólóhùn kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ níbi ìnáwó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, yálà ní Àjàṣẹ́ ni o, ní Kétu ni o, tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́: « Ẹ ní kí àwọn ọmọ yìí rọra ṣe, a kò gbọ́ ohun tí akọrin ń wí. » Àwọn ọmọ tí ń ta gìtá á fèsì pé ohun èlò tàwọn kò pariwo tó ti onílù. Wọ́n á yí ẹ̀rọ akọrin sókè. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, onígìtá náà ti yí tirẹ̀ sókè, oníbésì á tẹ̀ lé e. Nígbẹ̀yìn, etí gbogbo ènìyàn á di, oríkì tí a torí rẹ̀ pe akọrin á sì bá ariwo lọ.

Èrò tèmi ni pé ìjà yìí kì í ṣe ìjà ariwo. Ìjà àyè ni. Gìtá àti ohùn akọrin ń du ibùjókòó kan náà, ibùjókòó ọ̀hún sì ní orúkọ: ìró àárín. Lára àpótí kékeré kan tí ọ̀pọ̀ onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, bọ́tìnnì kan máa ń wà tí ó ń darí rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ojú-ewé yìí, nítorí owó gidi ni àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀ fi ń ra àpótí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ohun tí bọ́tìnnì yẹn wà fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Gìtá oníná kò lè dá sọ̀rọ̀ sókè. Bí a bá ta okùn irin rẹ̀, okùn náà á gbọ̀n. Òòfà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sọ ìgbọ̀n náà di iná wẹ́wẹ́. Wáyà á gbé iná yìí lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, baffle á sì dá a padà fún afẹ́fẹ́. Pẹ́dàlì ni àpótí irin tí a gbé sáàárín gìtá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọwọ́ má baà fi okùn sílẹ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Òmíràn ń dá ohùn padà bí ẹni tó ké sínú kànga, òmíràn ń mú un wárìrì. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní overdrive, tí àwa tí a ń gbọ́ Faransé mọ̀ sí saturation. Ó ń mú kí ohùn gìtá há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti kígbe láti àná, tí kò sì tíì fẹ́ sinmi.

Ìjàǹbá ni ó bí ohùn yìí. Ní ọdún 1951, ẹgbẹ́ Ike Turner lọ gba orin « Rocket 88 » sílẹ̀ ní Memphis, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè Willie Kizart tí ń ta gìtá fún wọn ti bàjẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé bébà ni wọ́n rún sínú rẹ̀ kí ó lè dúró. Ohùn tó jáde há, ó sì wù wọ́n, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di 1958, Link Wray mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sí ara baffle rẹ̀ kí ó lè rí irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún « Rumble ». Ní 1964, Dave Davies ti ẹgbẹ́ The Kinks ní Lọ́ńdọ̀nù fi abẹ ya tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ya baffle lójoojúmọ́? Ní 1962, ilé iṣẹ́ Maestro ti gbé àpótí kan tí wọ́n pè ní Fuzz-Tone jáde, ohùn híhá sì di ohun tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ pè, kí ó sì tún fi ẹsẹ̀ lé lọ.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àwọn baba wa kò ka ìró tó mọ́ gaara sí ìró tó dùn jù. Ẹ wo ìyáàlù dùndún: a so ṣaworo yí etí awọ rẹ̀ ká kí ó lè máa dún wínniwínni bí ìlù bá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ pé kìkì ariwo wẹ́wẹ́ ni, síbẹ̀ tí orin kan kò ní kún láìsí i. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá sọ fún yín pé ohùn gìtá tó há kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, ẹ rọra fi ṣaworo dá a lóhùn. Kì í ṣe híhá ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìyáàlù ní ṣaworo lára, a sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ó ń wí.

Bí pẹ́dàlì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ìgbì ni ìró jẹ́. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi inú wo ọ̀wọ́ ènìyàn gíga tí wọ́n fẹ́ sáré gba ẹnu ọ̀nà kúkúrú kọjá: orí ẹni tó bá ga ju àtẹ́rígbà lọ ni àtẹ́rígbà yóò gbá. Nínú ẹ̀rọ onílámpù ìgbà àtijọ́, lámpù fúnra rẹ̀ ni àtẹ́rígbà, nígbà tí a bá ti ti ẹ̀rọ náà ju agbára rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì, diode kéékèèké tí kò tó hóró àgbàdo ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìgbì tí ó wọlé ní orí ṣóńṣó á jáde ní orí pẹrẹsẹ.

Bí a bá ti gé orí ìgbì báyìí, ìró náà á bí ọmọ. Okùn kejì gìtá láti òkè, tí wọ́n ń pè ní La, ń gbọ̀n ní ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí a ń kọ ní 110 Hz. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní 220, 330, 440, 550, títí lọ sókè. Okùn gìtá ti ní àwọn ọmọ yìí tẹ́lẹ̀. Gígé orí ni ó ń bọ́ wọn yó. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Wàhálà dé nígbà tí okùn méjì bá jọ wọlé. Bí ọ̀kan bá ń gbọ̀n ní 110, tí èkejì ń gbọ̀n ní 147, diode á mú ìró mìíràn jáde ní 37 àti ní 257, tí kò bá baba kankan mu nínú àwọn méjèèjì. Bí ó bá wá di okùn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, akọ́ọ̀dù á di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ náà sì máa ń ki jù lọ bí àwọn okùn tó nípọn bá wà nínú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Jàpáánì wá ọgbọ́n dá sí i. Ilé iṣẹ́ Boss gbé OD-1 jáde ní 1977. Ní òpin àwọn ọdún 1970 yẹn náà ni Ibanez mú Tube Screamer wá, èyí tí àtúnṣe rẹ̀, TS9, tẹ̀ lé ní 1982. Ọgbọ́n inú Tube Screamer ni èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Kí ìró tó dé ọ̀dọ̀ diode, a ti fa ohun tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 720 Hz sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí okùn tó nípọn má baà da ẹrẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn gígé, a tún rẹ ìró òkè sílẹ̀ kí ó má baà gún etí. Ohun tó kù ni àárín, ó sì yọ iké. Stevie Ray Vaughan, ọmọ Texas, lò ó dáadáa tí ohùn gìtá rẹ̀ fi di ohun tí gbogbo ayé ń wá kiri, láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké àti ńláńlá sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láìsinmi.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ń sọ bí ohùn yóò ṣe há tó, ọ̀kan ń mú ìró òkè mọ́lẹ̀ tàbí kí ó mú un ṣókùnkùn, ọ̀kan sì ń sọ bí ohùn yóò ṣe ga tó. Kò sí ti àárín. Ẹni tó ṣe é ti yan àárín fún ọ kí o tó rà á. Bí ibi tí ó yàn bá bá ọ mu, o ti jẹ èrè. Bí kò bá bá ọ mu, kò sí ẹni tí o máa bẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún orúkọ níbí o. Ní ilé ẹ̀kọ́, a kọ́ wa pé èdè Yorùbá ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè: dò, rè, mí. Ìró àárín tí mo ń sọ kì í ṣe rè. Dò, rè àti mí jẹ́ bí ọ̀fun ṣe ń yára gbọ̀n. Ọ̀fun àgbà ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ lásán máa ń gbọ̀n láàárín nǹkan bí 85 sí 180 Hz. Ti obìnrin ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti nǹkan bí 165 sí 255. Àwọn onígìtá ń pe gbogbo agbègbè yẹn ní ìsàlẹ̀. Ìró àárín tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 250, ó sì gùn títí dé 4 000 tàbí kí ó lé díẹ̀. Okùn gìtá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí a kò bá fi ìka tẹ̀ wọ́n, wà ní 82, 110, 147, 196, 247 àti 330 Hz. Ẹ rí i pé baba gbogbo wọn wà nísàlẹ̀, tàbí ní ẹnu ọ̀nà àárín. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń gbé inú àárín gan-an.

Bí ó ti rí fún gìtá ni ó rí fún ohùn ènìyàn. Ẹ wo ohun ìyanu kan tí a ń lò láìronú sí i. Ìró tí ó wà láàárín 300 àti 3 400 Hz nìkan ni wáyà tẹlifóònù àtijọ́ ń gbé. Gbogbo dò, rè, mí tí ọ̀fun bàbá kan ń ṣe bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ 300, tí ó jẹ́ pé tẹlifóònù ti gé e dànù. Síbẹ̀, bí bàbá yẹn bá pe ọmọ rẹ̀ ní Lomé láti Pobè, tí ó ní kí ó bá òun ra igbá, ọmọ kò ní gbọ́ igba, kò sì ní gbọ́ ìgbà. Báwo ni ó ṣe mọ̀ ọ́n? Etí rẹ̀ wo àwọn ọmọ tó wọlé, ó wo àlàfo tó wà láàárín wọn, ó sì fi dá baba wọn tí kò wọlé mọ̀. Inú àárín ni àwọn ọmọ yẹn wà. Ẹni tó bá fi nǹkan mìíràn kún ibẹ̀ fọ́fọ́ ti da ìwé ẹ̀rí náà nù.

Fáwẹ̀lì wa náà ń bẹ níbẹ̀. Ohun tó ya « e » kúrò lára « ẹ », tó ya « o » kúrò lára « ọ », ni bí ẹnu ṣe là tó. Lílà ẹnu yìí ń gbé ìró kan tí ó lágbára sókè tàbí sísàlẹ̀ nínú agbègbè tó wà láàárín nǹkan bí 300 sí 800 Hz. Ẹ wo « owó » àti « ọwọ́ »: dídún ohùn wọn bára mu, rè-mí àti rè-mí, ìyàtọ̀ fáwẹ̀lì nìkan ni ó wà láàárín wọn. Èyí tó burú jù ni « ètè » àti « ẹ̀tẹ̀ », dò-dò àti dò-dò. Akọrin dìde níbi ìgbéyàwó, ó ń yin ìyàwó ojú ọ̀nà, ó ní ètè rẹ̀ dára. Pẹ́dàlì tí iké rẹ̀ wà ní 720 Hz ń ké lé e lórí. Kí ni ìyá ọkọ tó jókòó sí ẹ̀yìn yóò gbọ́? Ẹlòmíràn lè rò pé mo ń ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí ń ṣe ẹ̀fẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu: gbogbo agbára orin wọn ń bẹ nínú kí ará ìlú gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe pè é, nítorí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra ni wọ́n fi ń ta òkò ọ̀rọ̀.

Híhá tún ní ìwà kejì tí ń fìyà jẹ akọrin. Gìtá tó mọ́ máa ń kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ta á, akọrin á sì rí àlàfo gbà. Gìtá tí a ti gé orí ìgbì rẹ̀ kì í tètè kú. Ìró kékeré àti ìró ńlá ń jáde ní ìwọ̀n kan náà, gbogbo àlàfo á sì dí pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ohùn fi lè sọ pé gìtá kò ju akọrin lọ, síbẹ̀ tí etí sọ pé ó jù ú lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ló dé tí a kò kúkú gé àárín gìtá kúrò kí a sì sinmi? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá, ohùn kékeré ni a fi ń ta gìtá kí àwọn ará ilé má baà bínú. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró ìsàlẹ̀ àti ìró òkè gidigidi dáadáa bí ohùn bá kéré. Àárín ni ó tètè ń gbọ́. Fletcher àti Munson wọn èyí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní 1933. Ọ̀dọ́ tó jókòó lórí ibùsùn á gbé ìsàlẹ̀ àti òkè ga, á rẹ àárín sílẹ̀, ohùn gìtá rẹ̀ á kún yàrá bí ẹni pé ọba ń bọ̀. Ó wá dé orí pèpéle. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá bésì àti ìlù ńlá pàdé, wọ́n bò ó. Òkè rẹ̀ bá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àwo idẹ onílù pàdé, wọ́n bò ó. Àárín tí ìbá dúró sí ti ṣófo. Kò gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Kí ni yóò ṣe bí kò ṣe pé kí ó yí ẹ̀rọ sókè, títí gbogbo ilé yóò fi máa mì?

Nítorí náà, àárín tó pọ̀ jù ń bo akọrin, àárín tó kéré jù ń sọ onígìtá di alárìíwo. Ẹni tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ tí ń kọrin Yorùbá nílò àárín tí ó ṣeé yí, tí ó lè yàtọ̀ láàárín ìgbà tí akọrin ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí gìtá gba ọ̀rọ̀. Èyí ni mo fi ń sọ pé pẹ́dàlì tó ní bọ́tìnnì àárín wúlò fún wa ju fún ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa rí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní bọ́tìnnì àárín kan ṣoṣo láàárín ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Guv'nor tí Marshall ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1988 rí bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ kò sọ fún ọ àárín wo ni. Èkejì ni èyí tí a lè fi yan ibi tí a fẹ́: bọ́tìnnì kan ń bi ọ́ pé « níbo? », èkejì ń bi ọ́ pé « mélòó? » MT-2 ti Boss, tó jáde ní 1991, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú irú èyí. Ó lè gbá àárín mú níbikíbi láti 200 Hz dé 5 000 Hz, kí ó gbé e sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 15 dB. Ẹ mọ̀ pé 6 dB sókè ti sọ gíga ìgbì di ìlọ́po méjì. 15 dB ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Gbogbo ayé ni ó ń fi MT-2 ṣe ẹlẹ́yà pé ohùn rẹ̀ burú, ó sì há ju overdrive lọ lóòótọ́. Lójú tèmi, agbára bọ́tìnnì rẹ̀ ni wọn kò mọ̀: bí a bá fún ọmọdé ní àdá, ká má ṣe dá àdá lẹ́bi. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe pẹ́dàlì híhá rárá. GE-7 ti Boss, tó ti wà láti 1981, ní ọ̀pá kéékèèké méje tí a ń fà sókè-sódò: 100, 200, 400, 800, 1 600, 3 200 àti 6 400 Hz. Bí ẹ bá ti ní pẹ́dàlì tí kò ní bọ́tìnnì àárín, irú èyí lè fún un ní àárín, láìsí pé ẹ tún ń ra òmíràn tó há. Ṣùgbọ́n ipò tí ẹ bá fi sí ṣe pàtàkì. Bí ó bá ṣáájú pẹ́dàlì híhá, òun ni yóò yan ẹni tí orí rẹ̀ máa kan àtẹ́rígbà: ẹ rẹ 100 àti 200 sílẹ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ á lọ, akọ́ọ̀dù á mọ́. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí a ti gé tán ni yóò máa tò. Iṣẹ́ yíyẹra fún akọrin, ẹ̀yìn ni ó ti dára jù.

Báwo ni kí a wá yí i? N kò ní fún yín ní òfin, nítorí gìtá yàtọ̀, gbọ̀ngán yàtọ̀, akọrin yàtọ̀. Ibi tí èmi ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí akọrin bá ń kọrin, híhá kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́rin bọ́tìnnì rẹ̀ lọ. 800 àti 1 600 á sọ̀ kalẹ̀ ní 3 tàbí 4 dB, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀. 100 á sọ̀ kalẹ̀ fún oníbésì. Bí ó bá di ìgbà tí gìtá fẹ́ dá sọ̀rọ̀, 800 á gòkè ní 4 dB, kò sì ní sí ìdí láti fọwọ́ kan bọ́tìnnì gíga ohùn. Ẹni tí kò ní owó GE-7 ní ọgbọ́n ọ̀fẹ́ kan lọ́wọ́: bọ́tìnnì ohùn tó wà lára gìtá fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yí i wálẹ̀ díẹ̀, ìgbì tó ń wọ pẹ́dàlì á kúrú, orí rẹ̀ kò ní kan àtẹ́rígbà púpọ̀, híhá á sì dín kù láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Àwọn àgbà onígìtá ń ṣe é láìwo ọwọ́ wọn.

Kí ẹ sì fi etí sí àwọn tó ti ṣe é ṣáájú. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, gìtá máa ń ju mẹ́ta lọ, ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, akọrin àti àwọn elégbè wà níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ń yọ. Gìtá kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́, ó ní ibi tirẹ̀, ó sì ń dákẹ́. Nínú àwo Poly-Rythmo, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kútọnu ní 1968, gìtá mú bí abẹ láàárín fèrè àti ìlù, kò sì sanra. Fún jùjú gidi, n kò rò pé híhá púpọ̀ yẹ ẹ́ rárá. Gángan ti wà nínú àárín yẹn kí gìtá tó dé, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Fún orin ìjọsìn àti orin ìgbàlódé tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nísinsìnyí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń fún orin ní ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Iṣẹ́ inú àwọn pẹ́dàlì yìí ti lé ní ogójì ọdún, kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀ mọ́, àwọn àdàkọ olówó pọ́ọ́kú sì pọ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ tí a kọ sára àpótí gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ yín. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wò ni iná rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń lo 9 volt, àmì « − » sì ni ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnu ẹ̀rọ iná náà, « + » níta. Ẹ ka ohun tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀. Ẹ̀rọ iná dùùrù kékeré lè jẹ́ 12 volt, kí àmì rẹ̀ sì yí padà, ó sì lè jó pẹ́dàlì lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bátìrì ni ẹ ń lò, ẹ yọ wáyà gìtá kúrò nínú pẹ́dàlì bí ẹ bá ti parí, nítorí wáyà yẹn ni ó ń tan bátìrì. Bí ẹ bá fi í síbẹ̀ sùn, bátìrì á máa tán lọ láìṣe iṣẹ́ kankan.

Kí ẹ tó lọ síbi ìnáwó, ẹ dán èyí wò níbi ìdánrawò. Ẹ ní kí gbogbo ẹgbẹ́ máa lu orin lọ bí wọn yóò ṣe lù ú gan-an. Ẹ fi ẹnì kan tí kò mọ orin náà, tí ó bá lè jẹ́ àgbàlagbà, sí ẹ̀yìn gbọ̀ngán, kí ó kọjú sí ògiri kí ó má baà wo ẹnu akọrin. Kí akọrin máa fi « owó », « ọwọ́ », « ètè » àti « ẹ̀tẹ̀ » sínú orin bí ó bá ṣe wù ú, kí ẹni ẹ̀yìn máa kọ èyí tí ó gbọ́ sílẹ̀. Bí ìwé rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí akọrin wí, ẹ fa 800 wálẹ̀ ní 1 dB, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.